Wàrà Ìyá Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ jí lọ síbẹ̀ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn wàrà, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí tó ń gba ìlú wa kọjá lọ sí Ìlọrin, kó yà sí Sábó láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kó béèrè ìyá oníwàrà tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alálùbọ́sà, ìyá Fúlàní kan tó pupa tó tẹ́ẹ́rẹ́, igbá ńlá méjì máa ń wà níwájú ẹ̀ àti ike funfun onídèérí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ìyá Sábó làwa ń pè é. Gbogbo wàrà tí mo ti jẹ láti kékeré, ti Ṣakí o, ti Ìlọrin o, ti àwọn tó ń gbé e sórí kiri àdúgbò Under G fún àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH o, mi ò tíì rí èyí tó tó ti ìyá yìí, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí ẹ̀ dáadáa torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wàrà ṣáà ni wàrà, wọ́n á dúró níbi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ rí i, wọ́n á rà á, wọ́n á jẹ ẹ́, wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n pàdánù.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń tọ́jú ẹ̀ ná. Wàrà ìyá yìí kìí kúrò nínú omi ẹ̀, omi tó jáde lára mílíìkì yẹn gan-an, tó mọ́ gaara tó sì ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Àwọn kan máa ń da omi yẹn nù, wọ́n á fi omi kànga rọ́pò ẹ̀ kó lè máa funfun báláú lójú kọ́sítọ́mà, á funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn ẹ̀ ti bá omi àkọ́kọ́ lọ, ohun tó rọ̀ tí ò ní ìtọ́wò lẹ ẹ́ kàn máa jẹ lẹ́nu. Ti Ìyá Sábó, tó bá fi ṣíbí oníhò gbé e sókè, omi á máa kán tó, tó, tó padà sínú igbá, ẹ ẹ́ rí ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ apẹ̀rẹ̀ tó fi sẹ́ ẹ lára ẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, á wọlé díẹ̀, á sì padà síta. Òórùn mílíìkì ni yóò kọ́kọ́ wọ imú yín, òórùn èéfín igi á wá tẹ̀lé e fẹ́ẹ́rẹ́, torí igi ló fi ń dáná, kò lo gáàsì. Tẹ́ ẹ bá wá gé e sẹ́nu bẹ́ẹ̀ láìdín, á dún kín-ín-kín-ín lábẹ́ eyín, lẹ́yìn náà ló máa tú jẹ́jẹ́, adùn mílíìkì ló máa ṣíwájú, iyọ̀ díẹ̀ á tẹ̀lé e, ìkorò kan tí ò ju bíńtín lọ á wá kù lẹ́yìn ọ̀fun. Ìkorò bíńtín yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n máa da ìyá láàmú pé kó jẹ́ n mọ bó ṣe ń ṣe é.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí n máa bọ̀, kí n ṣáà jí. Gáà wọn wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ọ̀kadà ló gbé mi wọ inú ibẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí àwọn ọmọkùnrin ti ń fún màlúù. Màlúù funfun oníwo gígùn tí gbogbo wa mọ̀ yìí ni. Wọ́n á kọ́kọ́ tú ọmọ màlúù sílẹ̀ kó lọ mu díẹ̀ lára ìyá ẹ̀ kí mílíìkì lè sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá so ọmọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀, ìyá á rò pé ọmọ òun ló ń mu ún, ọmọkùnrin á bẹ̀rẹ̀ sí fún un sínú igbá, ṣíú, ṣíú. Kìí pọ̀ o. Màlúù òyìnbó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fún, tó ń tú ogún lítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ lójúmọ́, kọ́ là ń wí yìí, lítà kan sí méjì ni wọ́n sábà máa ń rí fún lára màlúù tiwa lójúmọ́ torí ọmọ ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yó. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: wàrà kílò kan máa ń gba nǹkan bíi lítà márùn-ún mílíìkì, ìyẹn ni pé màlúù mẹ́ta sí márùn-ún ló ń para pọ̀ bí kílò kan. Látìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò ná wàrà mọ́ ní ìná burúkú.

Mo bi ìyá pé ṣé ọkọ ẹ̀ kìí béèrè owó wàrà lọ́wọ́ ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baálé ló ni màlúù, àwa obìnrin la ni wàrà." Bó sì ṣe rí láàárín wọn nìyẹn, àwọn ọkùnrin ń da ẹran, àwọn obìnrin ń ṣe wàrà, wọ́n ń tà á, owó ẹ̀ sì jẹ́ tiwọn, wọ́n á fi ra iyọ̀, àgbàdo, aṣọ ọmọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ra wàrà lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà, apò obìnrin lowó yẹn wọ̀ tààrà.

Ó da mílíìkì sínú ìkòkò, ó fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ, ó gbé e ka iná kékeré, iná tó kàn ń jó wẹ́rẹ́. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ti já bọ̀mùbọ̀mù wá látẹ̀yìn gáà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà nígboro lè má mọ̀ ọ́n, igi kékeré eléwé fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó máa ń hù lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ewé ẹ̀ nípọn, ó ní èso róbótó aláwọ̀ ewé tó ṣófo nínú, tẹ́ ẹ bá já a, oje funfun á máa tú jáde. Oje yẹn ló ń dì mílíìkì. Kẹ́ ẹ má fi ṣeré o, torí tó bá ta sójú èèyàn ó lè ba ojú jẹ́ gan-an, ìyá fúnra ẹ̀ kígbe mọ́ mi pé, "Àǹtí mi, ẹ má fọwọ́ yẹn nu ojú o!" nígbà tí mo mú ewé ẹ̀ wò. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gún ewé àti ọ̀pá ẹ̀ díẹ̀ nínú odó kékeré, wọ́n da mílíìkì lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n wá da èyí tó jáde sínú ìkòkò ńlá.

Ibi tí ọwọ́ ìyá yìí ti yàtọ̀ sí tàwọn yòókù nìyí. Kò fi ife wọ̀n ọ́n, ojú ló fi ń wò ó, imú ló fi ń gbọ́ ọ. Tí bọ̀mùbọ̀mù bá kéré, mílíìkì ò ní dì, á kàn máa yí nínú ìkòkò lásán. Tó bá pọ̀ jù, wàrà á korò, á sì fẹ́ máa ní àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ ni wàrà tó korò tí mo ti rà lọ́wọ́ àwọn mìíràn ṣe di ohun tí mo dà nù. Ìkorò bíńtín tí mo ní mo fẹ́ràn yẹn, ó mọ ibi tó gbọ́dọ̀ dúró sí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ń lo ọsàn wẹ́wẹ́ tó rọrùn tó sì wà lọ́jà, ó ní, "Ọsàn náà ń dì í, àmọ́ ó máa ń kan, ó tún máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ bá dín in á tú sínú epo." Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ọsàn ṣe é rí nínú kíṣíìnì mi, ó dì lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò ní okun.

Lẹ́yìn tó da oje sí i, kò ro ó kíkankíkan o, ó kàn ń fi igi gígùn kan yí i jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó ń lé adìẹ, àmọ́ ojú ẹ̀ ò kúrò lára ìkòkò. Nígbà tó yá ojú mílíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn, ó wá ya lójijì, omi ìyeyè ya sọ́tọ̀, funfun ya sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ìyá ò gbé e, ńṣe ló ti igi sí i kí iná gbóná, ó jẹ́ kó hó dáadáa, ó ní bí kò bá hó, wàrà á rọ̀ jù kò sì ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́. Ìgbà yẹn ló wá ń fi igbá kékeré bù ú sínú àwọn apẹ̀rẹ̀ wẹ́wẹ́, omi ń ro sílẹ̀ sínú ọpọ́n, ó jókòó tì í, ó ń yí wọn lójú dé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè rí bákan náà. Kò fi nǹkan kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n ara ẹ̀ ló fi ń tẹ ara ẹ̀, ìdí nìyẹn tí inú ẹ̀ fi máa ń rọ̀. Wọ́n fún mi ní ọ̀kan nígbà tó ṣì gbóná, mo fọwọ́ mú un, ó ń jó mi lọ́wọ́ mi ò lè jù ú sílẹ̀, mo jẹ ẹ́ níbẹ̀ ní ìdúró pẹ̀lú ata gígún díẹ̀ tí ọmọ ẹ̀ wọ́n sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé lókè òkun máa ń mú wàràkàṣì òyìnbó wá fún wa tó bá ń bọ̀ nílé, mo sì ń jẹ ẹ́ dáadáa, mi ò ní bú u, iṣẹ́ ọwọ́ ni tiwọn náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Parmigiano Reggiano ní Ítálì, ó kéré tán wọ́n máa ń tọ́jú ẹ̀ fún oṣù 12 kí wọ́n tó lè tà á, ó le, tẹ́ ẹ bá rin ín sórí oúnjẹ adùn ẹ̀ máa ń pẹ́ lẹ́nu. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé ní Pọ́túgà, wọ́n ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Serra da Estrela, mílíìkì àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe é, òdòdó ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n sì fi ń dì í, kìí ṣe oje inú ikùn ọmọ màlúù tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ń lò. Igbó ni wọ́n ti ń já ohun tí wọ́n fi ń dì í, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa yìí náà ṣe ń ṣe ní ẹ̀yìn gáà! Èyí tó sì sún mọ́ wàrà jù lẹ́nu ni halloumi ti erékùṣù Sáípírọ́ọ̀sì (Cyprus), òun náà kìí yọ́ lórí iná, òun náà ń dún kín-ín-kín-ín lẹ́nu. Ní ọdún 2021 ni European Union fi òfin dè é pé èyí tí wọ́n bá ṣe ní Sáípírọ́ọ̀sì nìkan ló lè máa jẹ́ orúkọ yẹn lọ́jà wọn. Inú mi dùn fún wọn. Àmọ́ ó dùn mí pé àwọn ará ilé wa kan á san ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà fún wàràkàṣì inú bébà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá wá dé iwájú ìyá oníwàrà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà nítorí àádọ́ta náírà. Obìnrin tó ti dáná láti ìdájí, tó gbé igbá sórí wá láti gáà!

Wàrà tiwa ò wà fún ìtọ́jú oṣù 12, òní ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ lọ láàárọ̀. Wàrà tí wọ́n sè lówùúrọ̀ yìí àti èyí tó ti sùn di ọjọ́ kejì kìí ṣe ọmọ ìyá, ti òwúrọ̀ ń dùn fúnra ẹ̀, ti ọjọ́ kejì ti ń kan díẹ̀, ó ti di ti ọbẹ̀. Ìyá Sábó máa ń sọ òótọ́ fún yín o, tí ó bá ku ti àná nínú igbá, igbá kejì ló máa ń kó o sí, á ní, "Èyí ti àná ni, ẹ lọ dín in tàbí kẹ́ ẹ fi sọbẹ̀," á sì yọ owó sílẹ̀ fún yín. Mélòó lẹ rí nínú ọjà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Owó ẹ̀ nígbà tí mo ń kọ èyí, ẹyọ kékeré ₦200, ẹyọ ńlá ₦500, tẹ́ ẹ bá rà tó pọ̀ á fi ènì sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń wọ́n sí i, ó sì máa ń kéré, torí koríko ti gbẹ, àwọn ẹran ti jìnnà lọ wá omi àti koríko, ìwọ̀nba mílíìkì tó wà ọmọ màlúù ló máa kọ́kọ́ mu ún. Ìgbà òjò ni ìgbà wàrà. Láti bíi oṣù kẹfà lọ títí di oṣù kẹwàá, tí koríko bá tutù yọ̀yọ̀, wàrà máa ń nípọn, ó máa ń dùn, ó máa ń pọ̀. Ẹ má bínú sí i tó bá ní kò sí lóṣù kejì.

Ní ti dídín, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, á gé e, á fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, á dà á sínú òróró ẹ̀pà tó gbóná. Ìta ẹ̀ á pọ́n fòò, á le, inú ẹ̀ á ṣì funfun á sì rọ̀. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí wàrà ò fi yọ́ nínú epo bíi wàràkàṣì òyìnbó tó ń fà lórí búrẹ́dì, iná tí wọ́n fi hó o níbẹ̀rẹ̀ ló fà á, ó ti dì mọ́ra, ooru òróró ò lè tú u mọ́, ohun tó kàn lè ṣe ni kó mú ìta ẹ̀ gbẹ. Ti ọmọ yìí dùn gan-an láàárọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé tó bá ti di bíi aago mọ́kànlá òróró yẹn ti ń dúdú, kìí pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá, wàrà tí wọ́n bá dín nígbà yẹn máa ń ní òórùn epo gbígbó. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ní òróró ti wọ́n, mo mọ̀ pé ó wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ó yẹ kó wá nǹkan ṣe sí i. Èmi kàn máa ń ra tútù lọ sílé láti dín fúnra mi.

Bí mo ṣe ń ṣe é nílé nìyí: mo máa ń kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ nínú omi ẹ̀ yẹn pẹ̀lú àlùbọ́sà gígé, iyọ̀ àti ata rodo kan tí mo fọ́ ṣùgbọ́n tí mi ò lọ̀, kó hó fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo á wá gbé e sórí ajọ̀ kó gbẹ dáadáa, èyí ṣe pàtàkì torí bí omi bá wà lára ẹ̀, epo á ta yín lójú. Òróró gbọ́dọ̀ gbóná kẹ́ ẹ tó dà á sí i, ẹ má kó o pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì máa yí i káàkiri, ẹ jẹ́ kí apá kan pọ́n kẹ́ ẹ tó yí i. Lẹ́yìn náà ni mo máa dà á sínú ọbẹ̀ ata tó ti jinná, kó mu ọbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á wú, á fa ata àti epo mọ́ra, tẹ́ ẹ bá wá gé e sẹ́nu ọbẹ̀ á ya jáde láti inú ẹ̀.

Nínú ẹ̀fọ́ rírò ó dùn, nínú ẹ̀gúsí ó dùn, àmọ́ àmàlà ló bá a mu jù lẹ́nu tèmi, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata tí wàrà wà nínú ẹ̀ dípò ẹran. Ìlú tí wọ́n ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan là ń gbé, mi ò lè wá sọ pé ìrẹsì ló bá a mu. Ẹran wọ́n lóde òní, ẹja náà wọ́n, ilé tí ọmọ pọ̀ sí tó bá ra wàrà ₦2,000 lọ́dọ̀ ìyá yìí, gbogbo wọn á rí nǹkan mú lórí ọbẹ̀, ó sì tún ṣara lóore. Àwọn kan lára àwọn tí mílíìkì máa ń da inú wọn láàmú náà máa ń lè jẹ wàrà díẹ̀, torí lára ṣúgà inú mílíìkì ti bá omi lọ nígbà tí wọ́n sẹ́ ẹ.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí, torí mo fẹ́ràn wàrà kò ní kí n má sọ òótọ́. Mílíìkì tí wọn ò sè lè kó àìsàn ran èèyàn, ikọ́ ife wà níbẹ̀, brucellosis, àìsàn ibà kan tó ń ti ara ẹran wá, náà wà níbẹ̀. Wàrà tó hó dáadáa bíi ti ìyá yìí, iná ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ibi tí ewu tún kù sí ni lẹ́yìn tó bá kúrò lórí iná, omi tí wọ́n bá dà sí i, ọwọ́ tí wọ́n bá fi mú un, eṣinṣin. Ìyá Sábó máa ń da aṣọ funfun bo igbá ẹ̀, ṣíbí ló sì fi ń bù ú, kìí fọwọ́ mú un. Síbẹ̀, aboyún, ọmọdé, àti àgbàlagbà tí ara ẹ̀ ò le, ẹ bá wọn bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó fún wọn, tútù kọ́ ni tiwọn. Ìyá náà gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún aboyún kan níwájú mi pé kó lọ sè é.

Tẹ́ ẹ bá ní fíríìjì, nínú omi ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí, nínú ike onídèérí, á lo ọjọ́ méjì mẹ́ta. Tí kò bá sí fíríìjì, tàbí tí iná ò bá wá, èyí tí gbogbo wa mọ̀, ẹ máa hó o nínú omi ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn ará ilẹ̀ Kútọ̀nù mọ èyí dáadáa, wàgáṣì ni wọ́n ń pe tiwọn, wọ́n tún máa ń fi pòpórò ọkà bàbà pa á láró, á pọ́n dẹ̀dẹ̀ níta, inú á funfun. Mo ti jẹ ẹ́, ó le ju tiwa lọ, ó dára fún ìrìnàjò, àmọ́ bí wàrà òwúrọ̀ bá wà nílẹ̀ mi ò ní yà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún wàrà sóyà náà. Wàrà sóyà ò burú, mo máa ń jẹ ẹ́, ó rọ̀ lówó, àwọn tó ń ṣe é náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n pè é ní sóyà. Ibì kan wà nígboro, mi ò ní dárúkọ, tí wọ́n ta sóyà fún mi ní iye wàrà màlúù, nígbà tí mo dín in tán tí mo rí ihò wóóròwó nínú ẹ̀ tí òórùn ẹ̀wà ń jáde ni mo mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbóòórùn ẹ̀, òórùn ẹ̀wà kìí fara pamọ́, kẹ́ ẹ sì wo omi tó wà nínú ẹ̀, ti màlúù máa ń ní òróró fẹ́ẹ́rẹ́ lójú.

Àwọn ohun tó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ ìyá wa: kò sí ibi ìjókòó, oòrùn ń pa ibẹ̀ tó bá ti di ọ̀sán. Kò ní àkáǹtì tó lè gba tíráńsífà, ẹ mú owó lọ́wọ́, tàbí kẹ́ ẹ lọ gbà á lọ́dọ̀ oníPOS tó wà níwájú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó máa ń tètè lọ. Náílọ́ọ̀nù tó ń lò fẹ́lẹ́ jù, ó ti bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí, omi wàrà sì ṣòro fọ̀ kúrò lára aṣọ, ẹ mú ike onídèérí tiyín lọ, kẹ́ ẹ sì ní kó bu omi ẹ̀ sí i dáadáa kó bo wàrà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, kó sọ fún un, ó mọ èyí tó le díẹ̀ tó lè fara da mọ́tò, kó má lọ kó àwọn rírọ̀ dání.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á fún ayẹyẹ, ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, ẹ má lọ bá a lọ́jọ́ yẹn o, ẹ sọ fún un ní bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kó lè bá àwọn orogún ẹ̀ àtàwọn aládùúgbò ẹ̀ ní gáà sọ̀rọ̀, torí mílíìkì tiẹ̀ nìkan ò lè tó. Ẹ fún un ní owó díẹ̀ sílẹ̀ fún igi àti fún ọ̀kadà, á sì bá yín gbé e wá fúnra ẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ò rí i, ẹ bi àwọn alálùbọ́sà, wọ́n máa ń mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ tàbí ó ti tà tán lọ sílé.